Ìdí Tí Iléeṣẹ́ Rélùwéè Méjì Fi Gba Ara Wọn Kọjá Nínú Aṣálẹ̀ Utah

Ní àwọn oṣù àkọ́kọ́ ọdún 1869, nínú aṣálẹ̀ Utah ní Amẹ́ríkà, nǹkan kan ṣẹlẹ̀ tí ẹni tó bá kọ́kọ́ gbọ́ ọ á ní irọ́ ni. Iléeṣẹ́ rélùwéè méjì ni ìjọba gbé iṣẹ́ fún. Ọ̀kan ń bọ̀ láti ìlà oòrùn, èkejì ń bọ̀ láti ìwọ̀ oòrùn, kí wọ́n lè pàdé lọ́nà, kí irin wọn so pọ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn tó ń tẹ́ ilẹ̀ níwájú fún iléeṣẹ́ méjèèjì rí ara wọn, wọn ò dúró. Wọ́n gba ẹ̀gbẹ́ ara wọn kọjá. Oníkálukú ń gbẹ́lẹ̀ tiẹ̀ lọ, títí ọ̀nà méjì fi tò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn fún ohun tó ju máìlì 200 lọ.

Ọ̀pọ̀ àlàyé tí mo ti kà nípa ojú irin tó la Amẹ́ríkà já yìí, orí ìṣó wúrà tí wọ́n fi ṣe ayẹyẹ ìparí rẹ̀ ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀, orí ìṣó wúrà náà ni wọ́n ń parí ẹ̀ sí. Ẹni tó bá kà á tán á mọ̀ pé ayẹyẹ wáyé, àmọ́ kò ní mọ bí iṣẹ́ náà ṣe rìn. Ta ló ni ín, ṣé ìjọba ni àbí àwọn oníṣòwò? Ta ló sanwó? Kí ló dé tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ láti ìkángun méjèèjì? Àwọn wo gan-an ló fọ́ òkúta? Èmi gbà pé ohun kan ṣoṣo ló ṣí gbogbo ìdí ọ̀rọ̀ yìí, òun náà ló sì mú kí àwọn èèyàn yẹn gba ara wọn kọjá nínú aṣálẹ̀: máìlì ni ìjọba fi ń wọn owó fún wọn.

Ká kọ́kọ́ mú orúkọ náà tọ́. A ní ó la Amẹ́ríkà já, àmọ́ kò bẹ̀rẹ̀ létí òkun Atlantic rárá. Nígbà yẹn irin rélùwéè ti pọ̀ káàkiri ìlà oòrùn Amẹ́ríkà. Ibi tí irin ò sí ni láti odò Missouri, níbi tí ìlú Omaha wà, títí dé Sacramento ní California. Àlàfo yẹn ni wọ́n dí. Gígùn ẹ̀ jẹ́ máìlì 1,776. Kí wọ́n tó dí i, ẹni tó bá ń lọ sí California á yan ìyà tó bá fẹ́ jẹ. Ó lè wọ kẹ̀kẹ́ ẹrù tí màlúù ń fà, kó rìn tó oṣù mẹ́fà gba àárín pápá àti orí òkè kọjá. Ó lè wọ ọkọ̀ ojú omi yí ìsàlẹ̀ Gúúsù Amẹ́ríkà ká. Ó sì lè wọ ọkọ̀ omi dé Panama, kó gba ilẹ̀ tóóró ibẹ̀ kọjá, kó tún wọ ọkọ̀ omi míì ní òdìkejì. Panama ní rélùwéè tiẹ̀ láti ọdún 1855, kò ju nǹkan bíi máìlì 47 lọ, ó sì so òkun Atlantic mọ́ òkun Pacific. Tó bá jẹ́ pé láti òkun dé òkun la fẹ́ fi ka ipò kìn-ín-ní, Panama ló gbà á.

Ojú ọ̀nà Panama yẹn náà ló pa ọkùnrin tó lá àlá iṣẹ́ yìí jù lọ. Ẹnjiníà ni Theodore Judah. Òun ló gun òkè Sierra Nevada kiri, tó wọ̀n ọ́n, tó wá ibi tí rélùwéè lè gbà kọjá, tó sì ń bẹ àwọn aṣòfin ní Washington títí wọ́n fi gbọ́. Ní ọdún 1863, ibà pọ́njú mú un lọ́nà Panama bó ṣe ń lọ sí ìlà oòrùn láti wá àwọn olówó míì tó máa bá a dá sí i. Ó kú nínú oṣù kọkànlá ọdún yẹn, ẹni ọdún 37 ni.

Ọjọ́ 1 oṣù keje ọdún 1862 ni Ààrẹ Abraham Lincoln buwọ́ lu òfin tó dá iṣẹ́ náà sílẹ̀. Ogun abẹ́lé ń lọ lọ́wọ́. Àwọn aṣòfin ìhà gúúsù, tí wọ́n ti ń jà pé ọ̀dọ̀ tiwọn ni kí irin gbà, ti fi ilé aṣòfin sílẹ̀, torí náà kò sẹ́ni tó máa bá àwọn tó kù fa ọ̀nà mọ́ lọ́wọ́. Òfin náà ní kí Central Pacific máa bọ̀ láti Sacramento, kí Union Pacific máa bọ̀ láti ẹ̀bá odò Missouri.

Ibí ni owó ti wọlé, ibẹ̀ ló sì ń rú àwọn èèyàn lójú jù. Ìjọba kò kọ́ ojú irin yìí, kò sì fún wọn lówó kọ́ ọ lọ́fẹ̀ẹ́. Ìwé ẹ̀yáwó ìjọba ló fún wọn, tí iléeṣẹ́ máa tà fún àwọn olówó láti fi rówó ṣiṣẹ́, gbèsè tí wọ́n sì máa san padà lẹ́yìn 30 ọdún ni. Iye rẹ̀ wà lórí máìlì: 16,000 dọ́là fún máìlì kan níbi tí ilẹ̀ bá tẹ́jú, 32,000 níbi tó bá ga díẹ̀, 48,000 fún máìlì orí òkè. Lọ́pọ̀ ìgbà, wọn ò ní fún wọn ní kọ́bọ̀ àfi tí wọ́n bá ti tẹ́ irin dé ibi kan, tí àwọn aṣojú ìjọba sì ti wá yẹ̀ ẹ́ wò. Ohun tó jẹ́ ọ̀fẹ́ ni ilẹ̀. Lẹ́yìn tí wọ́n tún òfin náà ṣe ní 1864, éékà 12,800 ló ń kan iléeṣẹ́ fún máìlì kọ̀ọ̀kan tí wọ́n bá kọ́, ní ọ̀tún àti òsì irin. Wọn ò pín in ní gbọọrọ. Bí ojú ọpọ́n dráàfù ni wọ́n ṣe gé e, dúdú fún iléeṣẹ́, funfun fún ìjọba, títí lọ.

Ta wá ni ilẹ̀ tí wọ́n ń gé bí ojú ọpọ́n? Àwọn Cheyenne, Lakota, Arapaho, Pawnee, Shoshone àti Paiute ló ń gbé lórí ẹ̀, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣọdẹ ẹfọ̀n, ibẹ̀ ni wọ́n sin òkú wọn sí. Òfin 1862 kò fi pamọ́: ó sọ ọ́ ní gbangba pé ìjọba Amẹ́ríkà yóò fòpin sí ẹ̀tọ́ àwọn onílẹ̀ lórí ilẹ̀ tí irin máa gbà kọjá, ní kíákíá bó bá ṣe lè ṣeé ṣe tó. Onílẹ̀ kò sí níbi tí wọ́n ti ń pín ilẹ̀ rẹ̀. Nígbà tí ọmọ Cheyenne kan bá dojú irin dé, bí wọ́n ṣe ṣe ní Plum Creek ní Nebraska nínú oṣù kẹjọ ọdún 1867, àwọn ìwé ìròyìn a ní jàǹdùkú ni wọ́n. Ó dùn mí pé bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀pọ̀ èèyàn ṣì ń sọ ọ́ dòní.

Ẹ wá wo ohun tí kí wọ́n máa fi máìlì wọn owó ń sọ èèyàn dà. Ilẹ̀ tó yí Sacramento ká tẹ́jú bí ẹní. Àmọ́ owó orí òkè jẹ́ ìlọ́po mẹ́ta owó ilẹ̀ títẹ́jú. Onímọ̀ nípa òkúta kan, Josiah Whitney, wá sọ fún ìjọba pé ibi odò kékeré kan tó ń jẹ́ Arcade Creek, tí kò ju máìlì méje sí Sacramento, ni òkè Sierra ti bẹ̀rẹ̀, torí pé erùpẹ̀ ibẹ̀ láti orí òkè ló ti ṣàn wá. Lincoln fọwọ́ sí i. Báyìí ni ilẹ̀ tí èèyàn lè dúró lórí ẹ̀ kó máa wo òkè lókèèrè réré ṣe di orí òkè nínú ìwé. Ní òdìkejì, lẹ́bàá Omaha, Union Pacific fa ọ̀nà tiẹ̀ kọ́rọkọ̀rọ, wọ́n ní kí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ lè dínkù, kọ́rọ náà sì fi bíi máìlì mẹ́sàn-án kún ìrìn. Ẹ fi 16,000 dọ́là lọ́nà mẹ́sàn-án, ẹ ó rí iye tó wà nínú kọ́rọ kan. Ọdún 1908 ni wọ́n tó gé e tọ́.

Èyí tó burú jù ni ti Crédit Mobilier, orúkọ tó máa ń dẹ́rù ba èèyàn bẹ́ẹ̀ ọ̀rọ̀ ẹ̀ kò le. Ẹ fojú inú wo ẹbí kan tó dáwó jọ láti kọ́ ilé. Wọ́n kó owó lé ọ̀kan nínú wọn lọ́wọ́. Òun náà lọ dá iléeṣẹ́ kọ́lékọ́lé sílẹ̀ lórúkọ míì, ó gbé iṣẹ́ ilé náà fún iléeṣẹ́ ara ẹ̀ ní owó gọbọi, ó wá ń fi ọwọ́ òsì gba ohun tó fi ọwọ́ ọ̀tún san. Bí wọ́n bá parí ilé àti bí wọn ò parí ẹ̀, òun ti jẹun. Ohun tí Thomas Durant àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Union Pacific ṣe gan-an nìyẹn. Crédit Mobilier ni iléeṣẹ́ kọ́lékọ́lé náà. Kí àwọn aṣòfin má bàa tú u wò, Oakes Ames, tí òun fúnra ẹ̀ jẹ́ aṣòfin, ń ta ìpín iléeṣẹ́ náà fún wọn ní ẹ̀dínwó. Ìwé ìròyìn kan ní New York ló tú àṣírí wọn ní 1872. Àwọn mẹ́rin tó ni Central Pacific náà, Leland Stanford, Collis Huntington, Mark Hopkins àti Charles Crocker, lo irú ọgbọ́n kan náà. Oníṣòwò ọjà ni wọ́n tẹ́lẹ̀ ní Sacramento, ẹni tó ń ta irinṣẹ́, ẹni tó ń ta oúnjẹ, ẹni tó ń ta aṣọ. Kò sí ìkankan nínú wọn tó kọ́ rélùwéè rí.

Central Pacific ló gba apá tó le. Láti Sacramento, tí kò fi bẹ́ẹ̀ ga ju ojú òkun lọ, irin ní láti gun òkè tó ga tó bíi ẹsẹ̀ bàtà 7,000 láàárín nǹkan bíi máìlì 100. Òfin sì ní irin tí wọ́n rọ ní Amẹ́ríkà nìkan ni kí wọ́n lò. Ìlà oòrùn ni ilé irin wà. Ojú irin, ìṣó, ẹ̀rọ tó ń fa ọkọ̀, ojú omi ni èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ń gbà yí Cape Horn, ṣóńṣó ìsàlẹ̀ Gúúsù Amẹ́ríkà, ká kó tó dé California lẹ́yìn oṣù pípẹ́. (Ìbú ojú irin náà fúnra ẹ̀ di ìjà: Lincoln fẹ́ ẹsẹ̀ bàtà márùn-ún, ilé aṣòfin sì ní ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin àti ínṣì mẹ́jọ àbọ̀. Ilé aṣòfin ló borí. Ẹni tó bá ti wọ rélùwéè tuntun láti Èkó sí Ìbàdàn ti rin lórí ìbú yẹn gan-an. Ti ayé àwọn òyìnbó amúnisìn, ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta àbọ̀ ni.)

Àwọn òyìnbó tó wà ní California kì í pẹ́ nídìí iṣẹ́. Bí wọ́n bá ti gba owó oṣù kan, wọ́n á gba ibi tí wọ́n ti ń wa góòlù lọ. Láti 1865, Central Pacific bẹ̀rẹ̀ sí í gba àwọn ará Ṣáínà ní yanturu, èyí tó pọ̀ jù nínú wọn láti ìpínlẹ̀ Guangdong. Nígbà tó fi máa di 1867, bíi mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá òṣìṣẹ́ iléeṣẹ́ náà ló jẹ́ ará Ṣáínà.

Ihò tó gùn jù lórí òkè náà, tí gígùn ẹ̀ jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 1,659, ni wọ́n lù gba inú akọ òkúta. Èèyàn mẹ́ta ló ń ṣiṣẹ́ nídìí irin kan. Ọ̀kan di irin ìlukòkúta mú, ó fi ẹnu ẹ̀ sí ara òkúta. Àwọn méjì di òòlù ńlá mú, wọ́n ń lù ú ní tẹ̀lé-n-tẹ̀lé. Bí òòlù bá ti bà á báyìí, ẹni tó di irin mú á yí i díẹ̀, kí òòlù kejì tó sọ̀kalẹ̀. Iná àbẹ́là ni wọ́n fi ń ríran. Tí ihò náà bá ti jìn tó, wọ́n á ki ẹ̀tù sí i, wọ́n á tanná ran okùn ẹ̀, wọ́n á sì sá. Tí èéfín bá lọ, wọ́n á wọlé kó àfọ́kù òkúta, wọ́n á tún bẹ̀rẹ̀. Òru àti ọ̀sán ni. Kí iṣẹ́ lè yá, wọ́n lu kànga kan láti orí òkè sọ̀kalẹ̀ sí àárín, kí wọ́n lè máa gbẹ́ ẹ níbi mẹ́rin lẹ́ẹ̀kan náà, láti ẹnu méjèèjì wọlé àti láti àárín jáde. Síbẹ̀, ọjọ́ kan lè lọ kí ibì kan má jìn ju ẹsẹ̀ bàtà kan lọ. Wọ́n wá ń po nitroglycerin lórí òkè níbẹ̀, oògùn olómi tí agbára ẹ̀ ju ti ẹ̀tù lọ fíìfíì, tó sì lè bú gbàmù tí èèyàn bá kàn fọwọ́ líle mú un.

Ìgbà òtútù 1866 sí 1867 bá wọn lórí òkè náà. Ìjì yìnyín 44 ló jà. Yìnyín bo ilé tí wọ́n ń sùn mọ́lẹ̀, wọ́n sì gbẹ́ ọ̀nà nínú ẹ̀, abẹ́ yìnyín ni wọ́n ń gbà láti ibi tí wọ́n sùn lọ síbi iṣẹ́. Nígbà míì yìnyín á ya láti orí òkè, á gbé ibùdó kan lọ tèèyàn tèèyàn. Àwọn míì wà tí wọn ò rí òkú wọn títí yìnyín fi yọ́.

Owó wọn kéré sí ti òyìnbó, wọ́n sì ń bọ́ ara wọn, bẹ́ẹ̀ iléeṣẹ́ ń bọ́ òyìnbó. Wọ́n ń ra ìrẹsì, ẹja gbígbẹ àti ẹ̀fọ́. Ẹni kan á máa gbé agba tíì gbígbóná lórí igi èjìká kiri fún wọn, àwọn agba kéékèèké tí ẹ̀tù wà nínú ẹ̀ tẹ́lẹ̀. Omi tó ti hó ni wọ́n ń mu, torí náà ìgbẹ́ ọ̀rìn tó ń dá àwọn míì wó kì í fi bẹ́ẹ̀ mú wọn. Nínú oṣù kẹfà ọdún 1867, ẹgbẹẹgbẹ̀rún wọn da iṣẹ́ sílẹ̀ lọ́jọ́ kan náà, láìjà, láìpariwo. Wọ́n ní 40 dọ́là lóṣù làwọn ń fẹ́, kí wákàtí iṣẹ́ sì dínkù, pàápàá nínú ihò. Crocker dí ọ̀nà oúnjẹ mọ́ wọn. Lórí òkè yẹn, kò síbi tí èèyàn ti lè wá oúnjẹ míì. Lẹ́yìn bí ọ̀sẹ̀ kan, wọ́n padà sẹ́nu iṣẹ́.

Nínú ìwé ìsanwó iléeṣẹ́ náà, orúkọ ọ̀pọ̀ jù lọ wọn kò sí. Olórí ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń kọ, òun ni wọ́n ń kó owó gbogbo ọ̀wọ́ fún. Mo rò pé kò yẹ kí ẹnikẹ́ni máa sọ ìtàn ojú irin yìí láìsọ gbólóhùn yẹn.

Union Pacific ní tiwọn wà lórí pápá tó tẹ́jú, iṣẹ́ wọn sì yá. Àwọn ará Ireland, àwọn ọmọ ogun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ogun abẹ́lé dé, àti àwọn Mormon, ìjọ ẹlẹ́sìn tó ti ń gbé ní Utah, nígbà tí irin dé ọ̀dọ̀ wọn, ló ṣe é. Wàhálà wọn ni pé igi kò sí lórí pápá. Pákó ẹlẹgẹ́ tó tètè ń jẹrà ni wọ́n tẹ́ sábẹ́ irin níbi púpọ̀, torí pé ẹni tí wọ́n ń fi máìlì wọn owó fún kì í dúró de pákó tó dáa.

Ní 1866 ilé aṣòfin mú ààlà tó dá Central Pacific dúró nínú Nevada kúrò. Òfin wá ní kí àwọn méjèèjì máa bọ̀ títí irin wọn á fi kanra. Kò sọ ibi tí wọ́n ti máa pàdé. Ó ti di pé gbogbo máìlì tí ẹnì kan bá fà yọ, ọwọ́ ẹnì kejì ló ti gbà á. Ìdí nìyẹn tí àwọn tó ń tẹ́ ilẹ̀ fi gba ara wọn kọjá ní Utah. Orí wọn pé. Ẹni tó bá dúró ló máa pàdánù. Oṣù kẹrin ọdún 1869 ni ilé aṣòfin tó dá sí i, tí wọ́n sì fi Promontory Summit ṣe ibi ìpàdé.

Kí wọ́n tó débẹ̀, Crocker fẹ́ fi nǹkan kan han ayé. Ní ọjọ́ 28 oṣù kẹrin, àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ tẹ́ irin máìlì mẹ́wàá àti ẹsẹ̀ bàtà 56 láàárín ojúmọ́ kan. Àwọn ọkùnrin Ireland mẹ́jọ ló gbé gbogbo irin náà sọ̀kalẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, orúkọ àwọn mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ sì wà nínú ìtàn títí dòní: Michael Shay, Patrick Joyce, Thomas Daley àti àwọn márùn-ún yòókù. Ọ̀pọ̀ ará Ṣáínà tí wọ́n to pákó, tí wọ́n kan ìṣó, tí wọ́n kó òkúta sí i lọ́jọ́ kan náà, kò sẹ́ni tó kọ orúkọ tiwọn.

Ọjọ́ kẹjọ oṣù karùn-ún ni wọ́n dá ayẹyẹ sí. Wọ́n ní láti sún un. Àwọn òṣìṣẹ́ tí Durant jẹ lówó dá ọkọ̀ rẹ̀ dúró ní Wyoming, wọn ò jẹ́ kó lọ àfi tí owó wọn bá jáde. Ní ọjọ́ 10 oṣù karùn-ún 1869, àwọn ará Ṣáínà ló gbé irin ìkẹyìn ti Central Pacific sílẹ̀. Ìṣó wúrà tí gbogbo ayé ń sọ, wọ́n ti lu ihò sílẹ̀ fún un nínú pákó tó ń dán kan. Wọ́n kàn fi sí i ni, wọ́n sì yọ ọ́ kúrò lẹ́yìn ayẹyẹ. Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Yunifásítì Stanford ló wà báyìí. Ìṣó irin lásán ló di irin mú. Wọ́n so wáyà tẹlígíráàfù mọ́ ọ kí gbogbo orílẹ̀-èdè lè gbọ́ ọ, ọ̀rọ̀ kan sì lọ kárí Amẹ́ríkà: ó ti parí.

Kò tíì parí tán. Èrò tó bá ti ìlà oòrùn bọ̀ ṣì gbọ́dọ̀ sọ̀kalẹ̀ lẹ́bàá odò Missouri kó fi ọkọ̀ omi sọdá sí Omaha, torí afárá ibẹ̀ kò ṣí títí di 1872. Síbẹ̀, ìrìn oṣù mẹ́fà ti di nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan. Ẹfọ̀n tí àwọn onílẹ̀ fi ń jẹun fẹ́rẹ̀ẹ́ tán láàárín ọdún díẹ̀, torí rélùwéè ló ń gbé àwọn ọdẹ wá, òun náà ló ń kó awọ lọ. Ní 1882, Amẹ́ríkà ṣòfin pé kí òṣìṣẹ́ ará Ṣáínà má wọ orílẹ̀-èdè náà mọ́.

Ọ̀pọ̀ jù lọ rélùwéè kò gba Promontory mọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún tó tẹ̀ lé e, nígbà tí wọ́n fa irin tuntun gba orí adágún iyọ̀ kọjá. Ní 1942, wọ́n hú irin àtijọ́ náà fún ogun. Àmọ́ ẹni tó bá débẹ̀ lónìí á ṣì rí i nínú erùpẹ̀: ọ̀nà méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, tí wọ́n gbẹ́, tí wọ́n dí, tí wọ́n tẹ́ dáadáa. Ọ̀kan gba irin rí. Èkejì, ọkọ̀ kankan kò gorí ẹ̀ rí.